Ẹ̀rọ oní-bẹntiróòlù tí ń lọ kùkùté igi: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó tan ẹ́ńjìnnì?

Ọmọ Òkè-Ọ̀nà (Houston, Texas):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kùkùté igi óókù kan wà lẹ́yìn ilé mi, ó fẹ̀ tó ínǹṣì 22, ó sì ga dé orúnkún. Mo fẹ́ háyà ẹ̀rọ tí ń lọ kùkùté, èyí tí èèyàn ń di apá rẹ̀ mú, tó ń lo ẹ́ńjìnnì Honda GX390. Mo mọ ẹ̀rọ tí ń gé koríko lò, ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ kan irú eléyìí rí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, báwo ni mo sì ṣe máa darí rẹ̀ tí kò fi ní ta mọ́ mi lọ́wọ́? Páìpù tí ń fọ́n omi sí koríko gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá.

Bàbá Agégi:
Ẹ mọ ilẹ̀ kí ẹ tó mọ ẹ̀rọ. Ẹ pe 811, nọ́ńbà àwọn tó ń sàmì sí páìpù àti wáyà abẹ́ ilẹ̀ kí èèyàn tó gbẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ní Texas, ó kéré tán ẹ gbọ́dọ̀ pè wọ́n ní wákàtí 48 ṣáájú, Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi kò sì sí nínú òǹkà yẹn. Wọ́n á wá fi ọ̀dà sàmì sílẹ̀: pupa ni wáyà iná, yẹ́lò ni gáàsì, àwọ̀ ọsàn ni wáyà tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, búlúù ni omi mímu, gíríìnì ni páìpù omi ìdọ̀tí. Ẹ má rò pé abẹ́ ọ̀dà gan-an ni nǹkan náà wà o. Ó lè yà sí ọ̀tún tàbí òsì, nítorí náà ẹ fi ínǹṣì 18 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí kùkùté bá bọ́ sínú ààyè yẹn, ọwọ́ ni kí ẹ fi wa ibẹ̀, ẹ má gbé ẹ̀rọ débẹ̀ rárá.

Àwọn 811 kì í sàmì sí ohun tí onílé fúnra rẹ̀ rì. Páìpù yín yẹn wà lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà tó bá lọ sí yàrá irinṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ṣí omi náà, kí ẹ kan igi kékeré mọ́ gbogbo ojú tó ti ń fọ́n, kí ẹ wá fi ṣọ́bìrì tọpa páìpù láàárín wọn. Ẹ ti omi pa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kùkùté tó ga dé orúnkún ti ga jù. Ẹ fi ayùn gé e títí yóò fi ku ínǹṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, nítorí bí wíìlì eléyín tó ń lọ igi bá ṣe ga tó lókè ilẹ̀ ni òkò rẹ̀ ṣe ń jìnnà tó. Ẹ fi réèkì kó òkúta, ìṣó àti wáyà kúrò yíká ibẹ̀. Òkúta tó tó èkùrọ́ lásán, bí eyín wíìlì bá gbá a, ó lè fọ́ gíláàsì mọ́tò aládùúgbò. Ọmọdé, ajá, òǹwòran, kí gbogbo wọn jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 75. Bí fèrèsé bá wà nítòsí, ẹ fi pákó dínà rẹ̀.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ́ńjìnnì. GX390 ń gba ọ́ìlì tó lítà 1.1, irú ọ́ìlì tí wọ́n kọ 10W-30 sí lára ló sì dára fún un. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ ti wò ó. Ẹ yọ ọ̀pá ìdíwọ̀n, ẹ nù ún, ẹ tì í padà láì lọ́ ọ wọlé, kí ẹ tó fà á jáde wò. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, tàbí tí ẹ̀rọ bá dagun jù, ẹ́ńjìnnì tó ní ohun tí ń ṣọ́ ọ́ìlì lè kọ̀ láti tan. Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa fa okùn títí apá á fi ro wọ́n, púlọ́ọ̀gì ni wọ́n á sì máa bú.

Bẹntiróòlù tí ethanol (ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo) inú rẹ̀ kò ju ìdá 10 nínú 100 lọ ni kí ẹ rà. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ gbé kéègì lé bí ẹ bá ń ra epo, kì í ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ní ike nílẹ̀, torí iná kékeré tó ń ta láti ara ike lè mú oru epo. Ẹ má rọ epo sínú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì gbóná. Ẹ má sì tan án nínú gáréèjì: gáàsì olóró (carbon monoxide) tó wà nínú èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn, kò sì ní òórùn tí ẹ fi máa mọ̀.

Ẹ yọ fìlà púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó fọwọ́ kan wíìlì. Ẹ di eyín kọ̀ọ̀kan mú, ẹ mì í. Èyí tó bá ń mì, ẹ fi sípánà dè é. Èyí tí kábáídì rẹ̀ (irin líle tó wà lórí eyín) bá ti fọ́, ẹ ní kí àwọn tó ni ẹ̀rọ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀. Eyín tó bá kú ń sọ igi di lẹ́búlẹ́bú dípò èérún, ẹ́ńjìnnì á máa kérora, bẹ́líìtì á máa yọ̀, ẹ ó sì gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná. Ẹ dúró bí ẹ bá gbọ́ ọ.

Olùtọ́jú Ọgbà (Tampa):
Lórí pé kó má ta mọ́ yín lọ́wọ́: ìtara ló ń fà á. Bí ẹ bá ki wíìlì bọ igi jù, eyín á gbá gbòǹgbò mú, ẹ̀rọ á sì fò. Ẹ gbé wíìlì sókè díẹ̀ lórí etí kùkùté tó kọjú sí yín, ẹ tẹ iná ẹ́ńjìnnì dé òpin kó máa sáré dáadáa, kí ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ínǹṣì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa yí i láti ọ̀tún sí òsì bí ìgbà tí èèyàn ń gbálẹ̀. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí ní ìdènà táyà kan. Bí ẹ bá ti í, ẹ̀rọ á máa yípo lórí táyà yẹn láì fi agbára yín ṣòfò. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀, ẹ gbé wíìlì sókè kó mí.

Apá tí ẹ gbọ́dọ̀ dì mú kí wíìlì tó lè yí, ẹ má fi okùn so ó mọ́lẹ̀ láéláé. Bí ẹ bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, wíìlì ṣì máa ń yí fún ìgbà díẹ̀. Ojú ni kí ẹ fi rí i pé ó ti dúró.

Awò ojú pẹ̀lú ìbòjú, ohun ìdí etí, bóòtù onírin níwájú, ṣòkòtò gígùn tí kò fẹ̀. Kò sí bùbá, kò sí ṣéènì lọ́rùn.

Fún koríko, ínǹṣì mẹ́fà sísàlẹ̀ ilẹ̀ tó. Bí ẹ bá fẹ́ gbin igi míì síbẹ̀, ẹ lọ dé 12. Ti óókù ṣeé lọ tán lọ́jọ́ kan. Kùkùté ọ̀pẹ ló ń yọni lẹ́nu, torí okùn inú rẹ̀ máa ń wé mọ́ wíìlì, èèyàn á sì máa pa ẹ́ńjìnnì kó tó lè tú u.

Ọmọ Òkè-Ọ̀nà:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣé kí n dá èérún igi yẹn padà sínú ihò náà?

Olùtọ́jú Ọgbà (Tampa):
Ẹ kó èyí tó pọ̀ jù kúrò. Bó bá ń jẹrà, ó máa ń gba náítírójìn inú ilẹ̀, koríko orí rẹ̀ á pọ́n. Iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ fi dí i, kó ga ju ilẹ̀ lọ ní ínǹṣì méjì sí mẹ́ta, torí yóò ṣì rì wálẹ̀.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀ padà, ẹ ti ẹnu ọ̀nà epo tó wà lábẹ́ táǹkì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, bẹntiróòlù lè dà sínú ọ́ìlì lójú ọ̀nà.