Ìrù ayékòótọ́ mi ń pá, ẹ gbà mí o!

Ìyá Kòótọ́ (Ìbàdàn): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹlẹ́yẹ ẹlẹgbẹ́ mi. Oorun ò kun ojú mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ayékòótọ́ mi ń pá ìrù! Ìdí ẹ̀ ti dà bíi ti adìẹ tí wọ́n ki bọ omi gbígbóná. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sóhun tí mi ò ṣe fún ẹyẹ yìí. Kéèjì tuntun tó ga dé àyà mi ni mo ní kí wẹ́dà ṣe fún un. Ọkọ mi ní owó tí mo ti ná lé e lórí tó ra àgbò iléyá. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan, kò fọwọ́ kàn án, fítámì ló kọ, ó sì gbowó. Àwọn ará ilé kejì tún ń bú mi pé ó ń pariwo lóru, àwọn tí jẹnẹrétọ̀ wọn kì í sinmi! Ó ti mú ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ, "Ọ̀kan péré! Ọ̀kan ṣoṣo péré!" ló ń pè kiri láàárọ̀ lálẹ́. Àbí ẹ̀fọn ló ń jẹ ẹ́ ni? Ẹ gbà mí o.

Bàbá Àdàbà (Abẹ́òkúta): Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ọmọ ọdún mélòó ni? Kí ló ń jẹ? Tó bá jẹ́ ẹ̀pà nìkan, kò dáa, eegun ẹ̀ ò ní lágbára. Ẹ wá ẹyìn fún un, ohun tó ń jẹ nínú igbó nìyẹn. Ẹ má sì fún un ní píà láé, májèlé ni fún wọn.

Ẹyẹlé Peckham (London): Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù. Oòrùn ò yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í já ìyẹ́ àyà ara ẹ̀. Àwọn ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé tó kún inú páàkì níbí á máa fò kọjá lójú fèrèsé, wọ́n á máa han, tèmi á kàn máa wò wọ́n, á máa dún bíi máíkírówéfù. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ kan. Iná tó ń ṣe bí oòrùn ni mo rà...

Ọmọ Ìwó: Ìwó ilé odídẹrẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ní ọ̀kan, bàbá mi bá a nílé, èmi náà bá a nílé. Kò mọ fítámì, kò mọ iná òyìnbó. Ìkẹ́ra yín ló ń ba ẹyẹ jẹ́.

Bàbá Àdàbà (Abẹ́òkúta): Ẹ jẹ́ kí ìyá dáhùn ná. Ọmọ ọdún mélòó ni?

Dókítà Ẹran (Ògbómọ̀ṣọ́): Ìyá, ìbéèrè méjì péré. Ṣé àyà náà ń pá, àbí ìrù nìkan? Ẹ sì ń rí ìyẹ́ tó já nílẹ̀ kéèjì?

Ìyá Kòótọ́ (Ìbàdàn): Ta ló ní ẹ̀pà nìkan ni mò ń fún un? Ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo tútù, ó ń jẹ ata ju èmi lọ. Dókítà, àyà ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ó ń dán ni. Ìrù nìkan ni, àwọn pupa yẹn. Mi ò rí ìyẹ́ kankan nílẹ̀, ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Àbúrò ọkọ mi ló ń gbá a ní Sátidé Sátidé, kì í pa á jẹ.

Dókítà Ẹran (Ògbómọ̀ṣọ́): Hùn. Ẹyẹ tó bá ń fa ìyẹ́ ara ẹ̀, àyà àti itan ló sábà ń kọ́kọ́ dojú kọ. Orí nìkan ni kì í pá, torí ẹnu ẹ̀ ò dé ibẹ̀. Ìyẹ́ ìrù wọn ò ju 12 lọ. Tí ìyẹn bá ń lọ, tí àyà wà digbí, tí ilẹ̀ sì mọ́, ta ló ń dé ìdí kéèjì yẹn?

Ará Bahia (Salvador): Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́ o. Lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n máa ń de ìkóódẹ, ìyẹ́ ìrù pupa yẹn, mọ́ iwájú orí ìyàwó òrìṣà tuntun. Ẹ wá wo ojú ẹni tó ń wá ọ̀kan tí kò rí. Kò sí iye tí wọn ò lè san.

Onílù Mushin: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ní èyí tó ti já, mẹ́ta ni mò ń wá.

Ọmọ Kétu (Benin): Ojú ò tì ẹ́? Ẹni ń sunkún, o ń nájà! Láti 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹran igbó àti ewéko, ti fi odídẹrẹ́ sí ìpele àkọ́kọ́, pé kí wọ́n má fi èyí tí wọ́n mú nínú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì mọ́. Wọ́n ti ń tán nínú igbó.

Onílù Mushin: Mushin sí Ìbàdàn, orílẹ̀-èdè mélòó ni? Èyí tó já fúnra ẹ̀ ni mo bèèrè.

Ọmọ Kétu (Benin): Tó bá dé ọwọ́ ẹ, báwo lo ṣe fẹ́ mọ èyí tó já àti èyí tí wọ́n fà?

Ẹyẹlé Peckham (London): Ẹ dúró ná. "Ọ̀kan péré." Ìyá, ohùn ta ló fi ń sọ ọ́?

Ìyá Kòótọ́ (Ìbàdàn): Ohùn ọkùnrin ni. Ẹ má kó ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu o. Ọkọ mi kékeré nìyẹn, inú ilé wọn ni mo wà, kò sì ṣẹ̀ mí rí. Lóòótọ́ ẹyẹ náà ti bu ọwọ́ ẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí, ó sì máa ń han tó bá ti rí i. Ó ní torí lọ́fínńdà tí òun ń fín ni.

Ọmọ Ìwó: Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìyá Kòótọ́ (Ìbàdàn): Ẹ má bínú. Nǹkan kan wà tí mi ò sọ. Lóṣù Òkúdù, ìyẹ́ méjì já fúnra wọn. Bàbá kan tó fẹ́ joyè wá bẹ̀ mí, mo kó méjèèjì fún un. Mi ò dá owó lé e, òun ló ki owó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo fi ra epo jẹnẹrétọ̀, ó tó wa lò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ mi kékeré ló mú bàbá náà wá, ojú ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ka owó yẹn.

Dókítà Ẹran (Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ gbé kéèjì wọ yàrá yín lálẹ́ òní. Èyí tí wọ́n fà sábà máa ń hù padà, àmọ́ tí wọ́n bá ń fa ojú kan náà léraléra, ó lè má hù mọ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ìyá Kòótọ́ (Ìbàdàn): Mo ti gbé e wọlé. Ó ti ibi iṣẹ́ dé báyìí, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó wa, kéèjì dà?" Mi ò tíì dá a lóhùn. Kòótọ́ ti gbọ́ ohùn ẹ̀, ó ti sún dé kọ̀rọ̀, ó fi ìdí ti ògiri.

Bàbá Àdàbà (Abẹ́òkúta): Ẹ ò tíì sọ ọjọ́ orí ẹ̀ fún wa o.