Ta ló ti fojú kan ojúlówó àwòrán èèpo màgásíìnì àtijọ́ rí?

Àdùkẹ́ Hartford: Àwọn màgásíìnì ìtàn olówó pọ́ọ́kú ti Amẹ́ríkà láyé 1930 ni mo ń sọ, àwọn tí wọ́n ń tà ní sẹ́ńtì 10. Mo rí díẹ̀ nínú àkójọ Robert Lesser ní musíọ́ọ̀mù New Britain, ní Connecticut. Kánfáàsì ńlá, ọ̀dà ń dán yanran! Níbo ni ìyókù wọlé sí?

Bàbá Ṣeun: Ààtàn.

Kọ́lá Férémù: Òótọ́ ni Bàbá Ṣeun sọ. Brooklyn ni mo ti ń kan férémù. Obìnrin kan gbé kánfáàsì wá, bàbá rẹ̀ ló yà á. Àwọn tó ń tẹ màgásíìnì lo àwòrán náà tán, wọ́n ní kí bàbá wá kó ẹrù ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á dà á nù. Bàbá bá fi dí ògiri bésímẹ́ǹtì kí òtútù má baà wọlé. Ọ̀daràn tó mú ìbọn dání ló wà níbẹ̀, ìṣó ti gba iwájú orí ẹ̀ kọjá.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Ṣé ẹ dí ihò yẹn?

Kọ́lá Férémù: Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ bàbá òun ló kan ìṣó náà.

Túndé Chicago: Ti Margaret Brundage ló ń dùn mí jù. Chicago níbí ló ti ń ya èèpo Weird Tales, ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ló sì ń lò. Ẹ fọwọ́ rá a báyìí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Màgásíìnì náà wá kó lọ sí New York ní 1938, àtifi àwòrán ránṣẹ́ di wàhálà.

Alàgbà Fẹ́mi: Àwọn obìnrin oníhòòhò yẹn? Kí la fẹ́ tọ́jú níbẹ̀?

Àdùkẹ́ Hartford: Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó ẹ̀ ló fi ń bọ́ ìyá ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀.

Bísí Mọ́kọ́lá: Bàbá mi ya pátákó sinimá n'Íbàdàn. Bí fíìmù tuntun bá ti dé, wọ́n á fi ọ̀dà funfun pa ti àná rẹ́. Ìkankan ò kù. Fọ́tò kan la ní, bàbá mi ló sì dúró bo ojú òṣèré náà.

Bàbá Ṣeun: Ẹni tó sanwó ló ni ín. Gbẹ́nàgbẹ́nà kì í padà wá gba àga.

Kọ́lá Férémù: Ẹni tó ra àga á jókòó lé e. Àwọn wọ̀nyí, kí wọ́n ṣáà ti tẹ̀ ẹ́ ni.

Ọmọ Bronx: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ṣègbé o. Superman tí H. J. Ward yà ní 1940, ọ́fíìsì àwọn tó ń tẹ̀wé ló kọ́kọ́ wà. Ilé ìkàwé Lehman College ni wọ́n padà ti rí i.

Ìyá Ìbejì: Bísí, gbé fọ́tò bàbá yín síbí, jọ̀ọ́.