Ẹ gbà mí o, kíláàsì àdìrẹ mi lórí Zoom ń ké wíì bíi fèrè

Ìyá Aláró Ìtòkú: Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí látọjọ́ Sátidé, mi ò sùn dáadáa. Ẹ mọ̀ pé àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, iṣẹ́ ìyá mi ni, iṣẹ́ ìyá tó bí ìyá mi ni. Àbúrò mi tó wà ní London ló ní àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ kọ́ àdìrẹ oníko, pé kí n kọ́ wọn lórí Zoom. Mo ra aṣọ funfun ọ̀pá márùn-ún, mo ra ìko tá a fi ń di aṣọ, mo tún ní kí wọ́n kun ògiri tó máa wà lẹ́yìn mi, ọmọ tó kùn ún ṣì ń bá mi fa wàhálà owó títí di àárọ̀ yìí. Aago mẹ́ta ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ní "ẹ káàsán o" báyìí, nǹkan kan ké wíìììì, ohùn mi wá ń padà bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin bíi pé mò ń pariwo lábẹ́ Olúmọ. Àwọn ará London ní wíì nìkan làwọn ń gbọ́. Ìgbà tí mo wá mú ìko pé kí n dì í fún wọn, gbogbo wọn bá pòórá, èmi náà pòórá. Ọmọ tó ń ta fóònù ní Pànṣẹ́kẹ́ ní network ni. Obìnrin kan tá a jọ wà ní ìsọ̀ sì ti ń rẹ́rìn-ín látìgbà náà, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, network wo ni kí n rà?

Ọmọ Ìbarà: Ẹ kú ìnáwó mà. Fóònù àbí kọ̀ǹpútà lẹ fi ṣe é? Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀? Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kí gbogbo yín tó pòórá?

Màmá Ìbejì Àsẹ̀rò: Ẹ̀rín pa mí o. Ṣé Zoom yìí náà ni? Àwa ṣe mítìn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbẹ̀ lọ́dún 2020 tí kòrónà gbòde, alága ń ka ìṣirò owó, la bá ń gbọ́ "ìyá oníponmọ́, ẹ fi kan kún un jàre, èyí tín-ín-rín jù." Akápò wa ló wà lọ́jà Kútọ̀ tó gbàgbé máìkì sílẹ̀! Látọjọ́ náà Àǹtí Pọ̀nmọ́ là ń pè é. Ẹ máa pa máìkì yín mà.

Alhaji Làfẹ́nwá: Network ni. Mo ti sọ fún wọn nílé yìí pé network ìlú yìí ò dáa. Ra síìmù mẹ́ta, èyí tó bá ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà ni kó o lò.

Ìyá Aláró Ìtòkú: Ẹ ṣeun, Alhaji. Ọmọ Ìbarà, fóònù ni, fóònù mi dáa gan-an, ọmọ mi ló fi ránṣẹ́. Mi ò wo aago, aṣọ ni mò ń wò.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀ mà. Zoom tí kò sanwó kì í kọjá ìṣẹ́jú 40. Tó bá ti pé, ó máa lé gbogbo yín jáde, onílé àtàlejò. Àwọn ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ó máa ń kọ ọ́ sójú fóònù yín pé ó ti ń lọ tán, ẹ ò kàn rí i ni. Ẹ lè tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, àbí kẹ́ ẹ lo Google Meet, ìyẹn máa fún yín ní wákàtí kan gbáko bẹ́ ẹ bá ju èèyàn méjì lọ. Èèyàn 100 làwọn méjèèjì ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ìbarà: WhatsApp ń kọ́? Gbogbo wọn ló ní in.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Èèyàn 32 péré nìyẹn ń gbà. Ká tiẹ̀ ní wọn ò pọ̀, ta ló fẹ́ fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ han gbogbo èrò?

Alhaji Làfẹ́nwá: Ìyá Aláró, ìbéèrè kan. O gba owó lọ́wọ́ wọn àbí oò gbà?

Ìyá Aláró Ìtòkú: Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aṣọ àti ìko ńkọ́, ta ni yóò sanwó ẹ̀?

Alhaji Làfẹ́nwá: Ẹ gbọ́ o! O gbowó lọ́wọ́ èèyàn, o wá gbé wọn lọ síbi ọ̀fẹ́! Dá owó wọn padà.

Màmá Ìbejì Àsẹ̀rò: Alhaji, ẹ rọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó ra síìmù mẹ́ta.

Alhaji Làfẹ́nwá: Ìyá Ìbejì, èmi ò bá ẹ sọ̀rọ̀.

Tíṣà Fíṣíìsì: Ẹ jẹ́ ká fi owó sílẹ̀ ná. Ìṣẹ́jú 40 ló lé wọn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú nǹkan ké wíì. Network náà kì í ké wíì, ohùn á kàn máa já, àwòrán á dúró gbagidi. Mà, ṣé fóònù mìíràn wà nítòsí yín lọ́jọ́ náà?

Ìyá Aláró Ìtòkú: Rárá o. Kékeré yẹn nìkan ni, tí mo fi ń ka ìbéèrè tí wọ́n bá kọ. Mo gbé e síwájú mi kí n lè ríran kà á.

Tíṣà Fíṣíìsì: Òun náà wà nínú Zoom?

Ìyá Aláró Ìtòkú: Báwo ni mo ṣe máa rí ìbéèrè bí kò bá sí níbẹ̀? Mo tiẹ̀ yí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá. Ọmọ mi obìnrin náà sì ń wò ó lórí tiẹ̀ ní pálọ̀.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Háà.

Tíṣà Fíṣíìsì: Ó tán. Mà, ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, fóònù ńlá máa gbé e lọ sí sáfà Zoom, ìyẹn kọ̀ǹpútà wọn tó ń pín ohùn àti àwòrán fún gbogbo yín. Sáfà gbé e padà wá fún fóònù kékeré, ìyẹn pariwo ẹ̀ jáde, máìkì fóònù ńlá tún gbọ́ ọ, ó tún gbé e lọ. Ó ń yípo, ó ń le sí i, ló bá di wíì, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé máìkì dé iwájú sípíkà lóde ìnáwó. Fóònù mọ ohun tó ń jáde lẹ́nu sípíkà tara ẹ̀, ó máa ń yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí máìkì ẹ̀ gbọ́. Kò mọ ti fóònù ẹlòmíì. Pípa máìkì kékeré nìkan ò tó, ohùn ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ pa. Kí ọmọ yín náà lo earpiece.

Ìyá Aláró Ìtòkú: Ká ní mo mọ̀ ni! Àbúrò mi ló ní kí n lo méjì o, kì í ṣe èmi ni mo dá a ṣe.

Màmá Ìbejì Àsẹ̀rò: Obìnrin ìsọ̀ ńkọ́? 😂

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé pẹ̀lú fóònù kékeré, ó máa bi yín bóyá kó so ohùn pọ̀. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ máa rí ìbéèrè kà bẹ́ẹ̀ náà. Ní ti owó, ẹ san owó Zoom ti oṣù kan. Webinar táwọn kan máa sọ pé kẹ́ ẹ rà, ẹ má rà á. Ibẹ̀ àwọn tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kì í hàn sí yín, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá gbà fún wọn. Ẹ̀yin fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń di ìko. Mítìn lásán ló bá yín mu.

Ọmọ Ìbarà: Ẹ tún wo aago mà. Láti ìparí oṣù kẹta aago wa àti ti London jọ ń rìn ni, tó bá di ìparí oṣù kẹwàá wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa.

Ìyá Aláró Ìtòkú: Mo ti fi líǹkì síbí, ẹ bá mi wọlé ká dán an wò. Mo ti gbé kékeré yẹn dákẹ́. Ọmọ ti fi earpiece sétí. Ó dákẹ́ o! Kò ké! Ẹ ń gbọ́ mi?

Tíṣà Fíṣíìsì: A ń gbọ́ yín ketekete mà. Ṣùgbọ́n àjà ilé àti fáànù nìkan là ń rí.