Èsì: Báàṣì, ìdìpọ̀, ọ̀wọ́ – mo dábàá "àṣesílẹ̀"

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ọjà ló gba ọwọ́ mi tí mi ò fi tètè dá sí i. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké bí wọn ṣe lè tajà lórí ayélujára, ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Bí ènìyàn bá jókòó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tó kọ gbogbo ohun tó máa gbé sórí Facebook àti Instagram fún odidi oṣù, tó ya àwòrán wọn, tó tún wọn ṣe, tí wọ́n wá ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ni a ó pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní "báàṣì" ("batch" èdè Gẹ̀ẹ́sì) ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń wí, òun ò sì fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí òun fi ń kọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn ní kó kọ "ìṣẹ̀dá àkóónú ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀". Ẹnìkan ní "ìpele". Ẹlòmíràn mú "ọ̀wọ́" wá.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi, "ìdìpọ̀" kò bá iṣẹ́ yìí mu. Ohun tí a bá fi okùn dì, iṣẹ́ ti parí lórí rẹ̀. Ìdìpọ̀ igi ìdáná, ìdìpọ̀ ewé ẹ̀kọ: ẹni tó gbọ́ ọ mọ bí nǹkan náà ṣe wà báyìí, kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ṣe é gan-an ni àbúrò wa fẹ́ sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìdìpọ̀ tún ti níṣẹ́ lọ́wọ́ láàrin àwa tí a ń kàwé. Òun ni a ń pe ìwé tó bá jáde ní apá-apá, bí *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ìkejì ní 1990. Ẹni tí mo bá sọ fún pé mo ní ìdìpọ̀ mẹ́ta nílé, ìwé ni yóò máa retí.

"Àkóónú" náà ń yọ mí lẹ́nu. Àkóónú gbọ́dọ̀ ní ohun tó gbà á: àkóónú ìwé, àkóónú àpótí. Bí mo bá sọ fún obìnrin tá a jọ wà ní ìsọ̀ pé mo ń ṣẹ̀dá àkóónú, ohun tó máa bi mí ni pé "Inú kí ni?" Ìbéèrè rẹ̀ sì tọ̀nà. Ẹlòmíràn máa ní ká kúkú pè é ní ìpolówó. Àmọ́ ìdajì ohun tí mo ń gbé síta kò pe olówó kankan. Mo máa ń ṣàlàyé pé sányán ni òfì tí wọ́n fi òwú ṣẹ́dà ìgbẹ́ hun, pé àlàárì ni aláwọ̀ pupa, pé ẹtù ni èyí tí aró mú dúdú tó fi jọ ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Mo máa ń sọ bí a ṣe ń fọ òfì tí kò fi ní súnkì. Kò sí iye owó níbẹ̀, kò sí "ẹ wá rà".

"Àtẹ̀jáde" ni mo fara mọ́ fún ohun tí a bá gbé síta, ọ̀pọ̀ yín sì ti ń lò ó láìjiyàn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni a ti rí "tẹ̀" inú rẹ̀. Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ń tẹ nǹkan jáde: ní 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, gbé Ìwé Ìròyìn jáde fún àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta. Lónìí, ìka la fi ń tẹ fóònù, ọ̀rọ̀ náà ò sì yẹ̀ lórí ohun tó ń sọ.

Ó wá ku báàṣì.

Ìyá kan wà tó ń ṣe gààrí ní àdúgbò wa níbí ní Ọ̀yọ́. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin mẹ́rin jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kálukú, èèpo ń já bọ́ lé wọn lẹ́sẹ̀. Kò sí iná lábẹ́ agbada. Wọ́n bó gbogbo rẹ̀ tán kí ọ̀kan tó kan omi. Wọ́n fọ̀ ọ́ tán, ọmọkùnrin kan fi ọmọlanke gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ. Ó lọ̀ ọ́ dé, wọ́n dà á sínú àpò, wọ́n fi jáàkì tẹ àpò náà mọ́lẹ̀ kí omi rẹ̀ máa ro jáde. Wọ́n ní ọjọ́ mìíràn ni àwọn máa jọ̀ ọ́, ọjọ́ yẹn náà ni agbada máa gorí iná.

Mo ní, "Ìyá, èyí tí ẹ ń bó pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí, kí lẹ ń pè é?"

Ó wò mí. "Ẹ̀gẹ́ tòní ni."

"Èyí tó wà nínú àpò ọ̀hún ńkọ́?"

"Tìjẹta nìyẹn."

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kì í bó ọ̀kan, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n yan án, kí wọ́n tó mú òmíràn. Ẹ̀rín pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá ní, "Ọmọ mi, igi tí màá fi dáná fún ẹ̀kúnwọ́ kan, òun náà ni màá fi yan agbada kan."

Gbólóhùn yẹn kó gbogbo ohun tí àwọn olùkọ́ òwò ayélujára ń sọ nípa báàṣì. Kí n tó ya àwòrán aṣọ kan, mo ní láti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n na aṣọ funfun mọ́ ògiri, kí n lọ̀ òfì, kí n wá ibi tí fóònù máa dúró sí tí kò fi ní gbọ̀n, kí n sì dúró de oòrùn àárọ̀, torí bí oòrùn bá ti mú jù, ẹtù á kàn dúdú kirimú ni, ìlà inú rẹ̀ ò ní hàn. Ìdajì wákàtí ló ń gbà mí, ì báà jẹ́ àwòrán kan ni mo fẹ́ yà, ì báà jẹ́ 12. Ọpọlọ náà ní iná tirẹ̀ tí a ń dá. Ẹni tó ń kọ̀wé, tó sáré dìde lọ ya àwòrán, tó tún padà wá kọ̀wé, ìdáná mẹ́ta ló dá fún ẹ̀kúnwọ́ kan.

Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni oníbàárà kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kúuṣẹ́ o, ìyá. Ṣé ó wà nílẹ̀?" Ìyá dáhùn láìgbójú sókè: "Ó wà nílẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo ń wá. Ẹ lọ sí ọjà èyíkéyìí láti Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ níbí dé Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n ṣe ń béèrè ọjà nìyẹn. Ó wà nílẹ̀. Kò sí nílẹ̀. Ó kù díẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀, ẹnìkan ló ti ṣe é sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pe iṣẹ́ yìí ní "àṣesílẹ̀", kí àtẹ̀jáde tí a bá ṣe báyẹn máa jẹ́ àtẹ̀jáde àṣesílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó lẹ́nu: "Mo ti ṣe ti oṣù Agẹmọ sílẹ̀." "Ó ku mẹ́rin nílẹ̀." "Ọ̀la ni mo fẹ́ jókòó ṣe àṣesílẹ̀." Kò sẹ́ni tó máa ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni "àkọsílẹ̀" ṣe wọlé, tí kò sì sí ẹni tó ń rántí mọ́ pé "kọ" àti "sílẹ̀" ló di ọ̀kan. "Asọ̀rọ̀mágbèsì" dùn, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ rédíò ni ọjà ń pè é títí dòní. N kò fẹ́ kí iṣẹ́ àbúrò wa gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ.

"Ìpele" ní ààyè tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìpele ni kí a pe bíbó, lílọ̀, jíjọ̀ àti yíyan: ìpele ìkọ̀wé, ìpele àwòrán, ìpele àtúnṣe.

Ní ti "ọ̀wọ́", ọ̀rọ̀ gidi ni, a ń pe ọ̀wọ́ ẹran, mo sì ti gbọ́ ọ̀wọ́ àwọn agùnbánirọ̀ lórí rédíò. Ìṣòro rẹ̀ wà lórí fóònù. Àwọn tí àbúrò wa ń kọ́ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìní àmì láàrin àwọn oníṣòwò, ó lè di owó, ó lè di òwò, ó lè di ọwọ́ tàbí ọ̀wọ̀. Ìyá onígààrí sì ti fi hàn mí pé a ò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tòní, tìjẹta. Ọjọ́ ló fi ń dá wọn mọ̀. Àṣesílẹ̀ Òkúdù, àṣesílẹ̀ Agẹmọ, ó tó.

Ẹnìkan nínú wa kọ̀wé sí mi lẹ́yìn nígbà tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí fún un. Ó ní àṣesílẹ̀ ti ní olówó, pé òwe ti gbà á: àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Ó ní ìwà àti èrè ìwà ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, kò yẹ kí a fà á sínú ọ̀rọ̀ Facebook.

Mo rò ó dáadáa kí n tó fèsì. Ohun tó jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ nìyí.

Ní ìparí ọdún 2019, mo ṣe àtẹ̀jáde oṣù Ṣẹẹrẹ sílẹ̀ kí n tó lọ ṣọdún. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àwòrán ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níwájú ìsọ̀ rẹ̀, tó ká òfì lé èjìká, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ yà kí wa ní Akẹ̀sán, ọjà ti dé." Mo dá ọjọ́ fún un pé kó jáde ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6, oṣù Ṣẹẹrẹ, 2020. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5, ni ọjà Akẹ̀sán jóná. Ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú èyí tó lọ. Gbogbo wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó jókòó sórí ẹní, kò sunkún, ó kàn ń ka orúkọ àwọn tó gbé aṣọ fún un tà. N kò rántí pé ohun kan wà nílẹ̀ tó ń dúró de aago mẹ́jọ. Aago mẹ́jọ lù, ó jáde. Kí n tó gbá fóònù mú, àwọn ènìyàn ti ń kọ "ẹ pẹ̀lẹ́" sábẹ́ ẹ̀rín yẹn. Oníbàárà kan bi wá bóyá a ń fi àwọn tó pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Mo yọ ọ́ kúrò, mo tọrọ àforíjì. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe sílẹ̀ ni mo padà wá bá. Ẹ̀yin tí ẹ ní òwe ti gba ọ̀rọ̀ yìí, ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Báàṣì kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdìpọ̀ kò kìlọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àṣesílẹ̀ ti gbọ́ àbọ̀wábá mọ́ ọn, kò sí Yorùbá tí kò ní gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, n kì í kọ iye owó sínú àtẹ̀jáde àṣesílẹ̀, nítorí owó òwú lè gbéra kó tó jáde, àràárọ̀ ni mo sì ń wo ohun tó kù nílẹ̀ kí n tó wẹ ojú tán.

Ẹ ti rí i pé mo lo "dá ọjọ́" fún ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní "ṣẹ́dúù". Bí a ṣe ń dá ọjọ́ ìgbéyàwó náà ni. Kí ẹ jọ̀wọ́ má so ó pọ̀ di "dájọ́" nínú ìwé, kó má baà di ọ̀rọ̀ adájọ́.

Àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí o bá gbà á, kọ ọ́ báyìí sínú ìwé rẹ: a ṣe àtẹ̀jáde sílẹ̀ ní ìpele-ìpele, a dá ọjọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń wo èyí tó wà nílẹ̀. Jọ̀ọ́, sọ fún wa bó bá yá bóyá ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ gbà á.

Ohun kan kù tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún. Àtẹ̀jáde tí a ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí a ò tíì ya àwòrán rẹ̀, tó ṣì dá dúró láàrin ìpele méjì, kí ni ká pè é? Àwọn tó ń fín igbá níbí máa ń ní igbá tí wọ́n ti là, tí wọ́n ti há inú rẹ̀, tí ọ̀bẹ ìfín ò tíì kàn. Wọn á ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí mo bá ti ọjà dé, mo fẹ́ ya ọ̀dọ̀ wọn.