Baálẹ̀ kọ́ ni méyọ̀: èsì sí àbá ọ̀rọ̀ tuntun fún ìjọba ìlú ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àbá tí ọ̀kan nínú wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nípa ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn Yorùbá tó ti gba ìwé ọmọ ìlú ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè mọ ipò tí wọ́n ń dìbò sí. Ó ní ká pe kántì (county, ẹ̀ka tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí) ní ìjọba ìbílẹ̀, ká sì pe méyọ̀ (mayor, olórí ìlú tí wọ́n dìbò yàn) ní baálẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé baálẹ̀ ń ṣàkóso ìlú lábẹ́ ọba, méyọ̀ náà ń ṣàkóso ìlú lábẹ́ gómìnà, iṣẹ́ kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ti kan sáárá sí i. Èmi ò lè bá wọn kan sáárá. Ó ń dùn mí bí a bá fi èdè wa ṣi àwọn èèyàn wa lọ́nà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ tó wà nídìí baálẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìdílé tó tẹ ibùdó náà dó ni baálẹ̀ ti ń wá, òun ni àlejò ń tọ̀ lọ bó bá ń wá ilẹ̀ oko, ọba tó wà lókè rẹ̀ ló sì ń fi í joyè. (Àwọn kan kọ ọ́ ní baálé nínú èsì wọn. Ẹ jọ̀ọ́, baálé ni olórí agboolé. Ohùn tó wà lórí fáwẹ̀lì ìparí àti àmì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ya àwọn méjèèjì, kò sì yẹ kó di ohun tí à ń bára wa sọ níbí.) Ilẹ̀ wo ni méyọ̀ Houston ń pín fún àlejò? Ìdílé wo ló ni oyè náà? Ìbò ló gbé e débẹ̀. Bí sáà rẹ̀ bá pé, yóò gba ilé lọ.

Ìwé àṣẹ ìlú (charter), ìyẹn ìwé òfin tó sọ bí wọn yóò ṣe máa ṣàkóso ìlú, ló ń fún méyọ̀ lágbára, ọwọ́ ìpínlẹ̀ sì ni ìwé àṣẹ ti ń wá. Adájọ́ John Forrest Dillon ní Iowa ló sọ ọ́ láìfi bò ní 1868 pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń dá ìlú sílẹ̀, agbára tí wọ́n bá fún un nìkan ló ní, wọ́n sì lè gbà á padà. Àwọn ìlú jà sí i. Missouri ló kọ́kọ́ fi sínú òfin rẹ̀, ní 1875, pé kí ìlú ńlá máa kọ ìwé àṣẹ ara rẹ̀. St. Louis lo àǹfààní yẹn ní 1876, ó sì bá kántì rẹ̀ pínyà lọ́dún kan náà. California tẹ̀ lé e ní 1879. Ìjà lórí ìwé àti òfin ni gbogbo èyí. Ta ló ń bá baálẹ̀ jà lórí ìwé àṣẹ?

Alàgbà kan dá sí i pé gómìnà lè yọ méyọ̀, ó sì tọ́ka sí New York ní 1932, nígbà tí Gómìnà Franklin Roosevelt pe Méyọ̀ Jimmy Walker wá jẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́. Òótọ́ ni, Walker sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kí Roosevelt tó dájọ́. Ṣùgbọ́n òfin New York ló fún gómìnà lágbára yẹn. A ò lè mú àṣà ìpínlẹ̀ kan ká fi sọ gbogbo méyọ̀ Amẹ́ríkà lórúkọ.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí: ní ọ̀pọ̀ ìlú, méyọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń darí iṣẹ́ ìlú rárá. Ìjì ńlá kọlu Galveston ní Texas ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1900, ó kéré tán 6,000 èèyàn ló bá a lọ. Láti tún ìlú kọ́, wọ́n kó ìjọba lé èèyàn márùn-ún lọ́wọ́ ní 1901: méyọ̀ jẹ́ alága, ọ̀kan mú owó, ọ̀kan mú ọlọ́pàá àti panápaná, ọ̀kan mú omi àti kòtò ẹ̀gbin, ọ̀kan mú títì. Ètò náà ràn ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Nígbà tó yá, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹ̀ka tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Portland ní Oregon dì í mú títí di òpin 2024. Ní oṣù kẹta 1913, odò Great Miami kún bo Dayton ní Ohio. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn olùdìbò ibẹ̀ gba ìwé àṣẹ tuntun, nígbà tó sì di 1914, ẹnjiníà kan, Henry Waite, ti wà lórí àga gẹ́gẹ́ bí alákòóso ìlú. Kò bá ẹnikẹ́ni du ìbò. Káńsù, ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, ló gbà á síṣẹ́, káńsù ló ń san owó oṣù rẹ̀, káńsù ló sì lè lé e.

Bẹ́ẹ̀ ni Phoenix, San Antonio àti Dallas ṣe ń ṣe é títí dòní. Ní Dallas, méyọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú káńsù ẹlẹ́ni 15, ìbò kan ṣoṣo ló ní bíi ti àwọn yòókù. Alákòóso ló ń kọ ètò ìnáwó sílẹ̀, òun ló ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́, tó sì ń lé wọn. Bí ọmọ Yorùbá kan ní Dallas bá wá ka “baálẹ̀” nínú ìwé pélébé yẹn, yóò rò pé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni òun yóò gbé ẹjọ́ kòtò tó wà lójú títì lọ, àwọn ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò sì wà níbòmíràn. Alákòóso ìlú gan-an kò sí nínú àbá yẹn. Ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ta ló tilẹ̀ sọ pé a ò ní orúkọ fún méyọ̀? Ní 1950, Dókítà Abubakar Olorun-Nimbe di méyọ̀ Èkó. Ọba Adeniji Adele wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Bàbá mi àgbà ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó lásìkò yẹn. Bó bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, méyọ̀ ló ń pè é, láìmẹ́nu kúrò. Àwọn àgbà yẹn mọ ọba, wọ́n mọ ìjòyè, wọ́n mọ baálẹ̀ gbogbo abúlé tó wà lẹ́yìn odi, wọ́n sì rí i pé ohun tuntun ni èyí. Wọ́n gbà á pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Etí wọn mú ju tiwa lọ.

Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, ìbílẹ̀ kò sí nínú kántì. Los Angeles jẹ́ kántì tó ní ìlú 88 nínú. New York jẹ́ ìlú kan tó ní kántì márùn-ún nínú. Richmond àti Norfolk ní Virginia kò sí nínú kántì kankan. Connecticut pa ìjọba kántì rẹ̀ rẹ́ pátápátá ní 1960. Louisiana kò tilẹ̀ lo orúkọ náà. Ohun tí ìpínlẹ̀ lè fi òfin kan ṣoṣo pa rẹ́, ẹ má pè é ní ìbílẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ sí wà ní Amẹ́ríkà: àwọn Navajo, ọmọ onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé, tí olú-ìlú wọn wà ní Window Rock, tí wọ́n ní ààrẹ àti ìgbìmọ̀ tiwọn, tí ilẹ̀ wọn wọ Arizona, New Mexico àti Utah. Ìpínlẹ̀ kankan kọ́ ló dá wọn sílẹ̀. Bí a bá ti fi ìjọba ìbílẹ̀ fún kántì, kí la ó fi pe ti Navajo?

Ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí a sọ “ìpínlẹ̀” náà nù, torí pé kò sẹ́ni tó pín àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn fúnra wọn ló fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tó so wọ́n pọ̀. Lórí ti Nàìjíríà, orúkọ náà tọ̀nà, torí àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ló pín wa sí 12 ní 1967, títí ó fi di 36 ní 1996. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tí mi ò tíì gbà ni “igbákejì gómìnà” fún ipò tí Texas ń pè ní lieutenant governor. Ọ̀tọ̀ ni ìbò tirẹ̀, òun ló ń jókòó lórí àga ilé aṣòfin àgbà, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, bí Bob Bullock ṣe jẹ́ Democrat nígbà tí George W. Bush, ọmọ Republican, ń ṣe gómìnà. Igbákejì ta wá ni? Ẹni tó dábàá lọ́jọ́ Ẹtì pé ká pè é ní “gómìnà kejì” kò tíì sọ bí ìyẹn ṣe yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Maine kò tilẹ̀ ní ẹni bẹ́ẹ̀ rárá. Mò ń retí èsì yín, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ ìwé náà, ẹ bá mi yọ baálẹ̀ kúrò níbẹ̀.