Ṣé súgà nìkan ló ń ba eyín jẹ́ ni?

Adékẹ́mi_K: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan báyìí tó jẹ́ pé tí omi tútù bá ti kan eyín mi, ṣe ló máa ń ta mí bíi ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Mi ò kì í jẹ súìtì, ẹlẹ́rìndòdò tí mò ń mu náà, èyí tí kò ní súgà ni, mo máa ń gbé igo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tí màá máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀sán á fi pọ́n. Láàárọ̀, màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sómi lọ́wọ́ọ́wọ́ mu, lẹ́yìn náà kíá ni màá fọ ẹnu. Kí ló wá ń ṣe eyín mi? Ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn nǹkan tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún?

Eléyín_Funfun: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ilé ìwòsàn eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ là ń gbọ́ irú ẹ̀. Súgà kọ́ ló ń jẹ eyín fúnra ẹ̀ o, àwọn bakitéríà tó wà lẹ́nu ló ń jẹ súgà yẹn tí wọ́n á wá máa tú ásíìdì jáde, ásíìdì yẹn ló ń yọ́ èèpo eyín títí ihò fi máa lu. Ṣùgbọ́n tiyín yìí, ó jọ pé ásíìdì inú nǹkan mímu gan-an ni, ìyẹn ò dúró de bakitéríà kankan. Tí pH ẹnu (ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn, bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i) bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bíi 5.5, èèpo eyín ti ń yọ́ nìyẹn, kóòlà sì máa ń wà ní nǹkan bíi 2.5 sí 3, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọn ò bù là tiẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jùyẹn lọ, bóyá súgà wà níbẹ̀ o, bóyá kò sí o.

Èyí tó ń dùn mí jù ni mímu díẹ̀díẹ̀ yẹn. Itọ́ ló ń tún eyín ṣe lẹ́yìn tá a bá jẹun, ó sì máa ń gbà á tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́nu tó padà bọ̀ sípò, ẹ̀yin wá ń fà á mu látàárọ̀ dọ́sàn-án, ìgbà wo ni itọ́ fẹ́ ráyè ṣiṣẹ́ ẹ̀? Ẹ mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú oúnjẹ, ó sàn jùyẹn lọ fíìfíì. Èèpo eyín tó bá sì ti lọ, kì í hù padà.

Ìyá_Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an, dókítà. Ẹ bá mi kìlọ̀ fáwọn ìyá tó ń fi fídà tí mílíìkì tàbí júùsì wà nínú ẹ̀ sẹ́nu ọmọ sùn, torí itọ́ máa ń dín kù téèyàn bá sùn, súgà yẹn á kàn jókòó sára eyín iwájú mọ́jú ni, àánú àwọn ọmọ yẹn máa ń ṣe mí. Èso gbígbẹ náà ńkọ́? Àwọn èèyàn rò pé ohun tó dáa ni, bẹ́ẹ̀ ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín pẹ́, bisikíìtì náà bẹ́ẹ̀.

Adékẹ́mi_K: Háà, ẹ ṣeun o! Ṣé kí n máa fọ ẹnu lẹ́yìn ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn ni àbí ṣáájú?

Eléyín_Funfun: Ẹ fọ ọ́ ṣáájú, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, ìyẹn èròjà tó ń mú kí èèpo eyín le. Tẹ́ ẹ bá ti mu nǹkan kíkan, eyín ti rọ̀ díẹ̀ nígbà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì á kàn máa ha á kúrò ni, torí náà ẹ fi omi lásán yọ ẹnu kẹ́ ẹ sì dúró tó wákàtí kan. Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa èso gbígbẹ. Ẹni tó bá sì ń rún yìnyín lẹ́nu, kó jáwọ́, a ti rí eyín tó sán látara ẹ̀. Adékẹ́mi, ẹ jẹ́ kí dókítà eyín wò yín lọ́sẹ̀ yìí, torí eyín tó sán tàbí tó ti lu náà máa ń ta èèyàn báyẹn tómi tútù bá kàn án, ojú lásán ò sì lè fìyàtọ̀ sí i nínú dígí.