Wọ́n fẹ́ máa sanwó fún ọmọ wa tó ń sáré ní yunifásítì, F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló sì wà. Ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì (Maryland): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé mò ń pariwo lóru. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sá 400 mítà ní ilé-ìwé kan lápá Gúúsù. Wọ́n ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí i: $18,000 lọ́dún, nínú owó tí ilé-ìwé ń pín fún àwọn eléré. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ kó fọwọ́ sí i. Ṣọ́ọ̀bù bàtà kan tún fẹ́ fún un ní $1,500 kó gbé àwòrán sí Instagram. F-1 ló wà. Kóòṣì ní kò séwu. Kóòṣì ilé-ìwé mìíràn ń pè é lábẹ́lẹ̀ pé àwọn yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti ń yan aṣọ ìdúpẹ́. Ṣé kó fọwọ́ sí i àbí kó má fọwọ́ sí i?

Lọ́yà Ọ̀ṣun (Newark): Àǹtí, kó má tíì fi báírò kan ìwé yẹn. F-1 fàyè gba iṣẹ́ inú ilé-ìwé, 20 wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ. Iṣẹ́ ìta, àfi CPT tàbí OPT, ìyẹn àṣẹ iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ F-1, ó sì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ mu. Kéèyàn gbé bàtà dání kí wọ́n yà á nítorí owó, iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọn, SEVIS rẹ̀, àkọsílẹ̀ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, ni wọn yóò pa, kò sì sí kóòṣì tó lè jí i. Ti $18,000 ló díjú. DHS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wọn, kò tíì là á sílẹ̀ bóyá iṣẹ́ ni owó yẹn tàbí kì í ṣe iṣẹ́. Àwọn ilé-ìwé kan kọ̀ láti san án fún ọmọ F-1 rárá. Àwọn mìíràn ń san án bí owó ìlò orúkọ àti àwòrán, wọ́n ní ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan, ó kàn jókòó ni. Torí náà ẹ ka ìwé yẹn láti òkè délẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ya fídíò, kó yọjú síbi ayẹyẹ, kó bá àwọn olówó ilé-ìwé jẹun alẹ́, kò jókòó mọ́ nìyẹn.

Bàbá Kóòṣì (Houston): DSO, òṣìṣẹ́ ilé-ìwé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà akẹ́kọ̀ọ́, ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe kóòṣì. Kóòṣì ń wá ẹni tí yóò sá ẹsẹ̀ kẹta nínú 4x400 fún un. Kí DSO fi í-meèlì dáhùn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pamọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Dallas): Wọ́n kàn ń dẹ́rù bà yín ni. Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin ní green card? Kí owó bàtà wọ àkáǹtì yín, kí ẹ máa bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.

Olùṣírò Owó (Atlanta): Háà! Àǹtí, ẹ má fetí sí ọkùnrin yìí. Bí owó bá wọ àkáǹtì yín, orúkọ yín ni 1099, ìwé tó ń sọ owó tó wọlé fún àwọn olówó orí, yóò fi jáde, ẹ ó sì san owó orí lórí owó tí ẹ kò jẹ. Orúkọ ọmọ wà lórí àdéhùn, ojú ọmọ wà lórí Instagram, orúkọ àǹtí rẹ̀ wà ní báǹkì. Ta ni kò ní rí i pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́? Èèyàn lè ṣàlàyé àṣìṣe fún àwọn oníwèé ìrìnnà. Irọ́ ni wọn kì í gbàgbé, yóò bá a dé ọjọ́ tó bá fẹ́ gba green card tirẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Dallas): Ẹ̀gbọ́n, $1,500 la ń sọ o, kì í ṣe mílíọ̀nù.

Olùṣírò Owó (Atlanta): Kì í ṣe bí owó ṣe pọ̀ tó ló ń ba físà jẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, láti $600 sókè ni ọmọ Division I, ìpele tó ga jù nínú eré yunifásítì, gbọ́dọ̀ kọ sínú NIL Go, ojúlé tí wọ́n fi ń yẹ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wò, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Iléeṣẹ́ Deloitte ló ń bá College Sports Commission, àjọ tó ń ṣọ́ owó eléré yunifásítì, ṣètò rẹ̀. Ẹ má sì ronú pé ẹ ó gé e sí $500 lọ́nà mẹ́ta, bó bá ti ọwọ́ ẹnì kan náà wá, wọn yóò rò ó pọ̀. Orúkọ ọmọ ti wà lọ́hùn-ún kí 1099 tiyín tó jáde.

Bàbá Kóòṣì (Houston): Ọ̀rọ̀ àkáǹtì ẹbí yìí, a rí i lọ́dọ̀ wa níbí. Lọ́yà ló jẹ owó náà tán, ó tún jẹ èlé. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Dallas): Ó dáa. Báwo wá ni Tshiebwe, agbábọ́ọ̀lù agbọ̀n yunifásítì Kentucky, ṣe gba tiẹ̀?

Lọ́yà Ọ̀ṣun (Newark): Inú Amẹ́ríkà kọ́ ló ti ṣe é! Oṣù Kẹjọ 2022, Kentucky kó àwọn eléré wọn lọ sí Bahamas, ibẹ̀ ni ọmọ Kóńgò yẹn ti ya àwòrán tó sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ sanwó. Ẹ wo Zach Edey ti Purdue, ọmọ Kánádà, òun ni wọ́n fi jẹ eléré tó dáa jù lọ nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n yunifásítì ní 2023 àti 2024, síbẹ̀ físà kò jẹ́ kó jẹ irú owó tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń jẹ. Àǹtí, bí ọmọ yín bá ń lọ sílé nígbà ọlidé, kó gbé bàtà náà dání. Kó fọwọ́ sí àdéhùn l'Abẹ́òkúta, kó yà á lábẹ́ Olúmọ, kó gbé e sí Instagram níbẹ̀ kó tó wọ bàlúù padà. Kó tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti òǹtẹ̀ pásípọ́ọ̀tù. Kó má padà dé síbí kó wá máa fi èyí tó kù kún un.

Olùṣírò Owó (Atlanta): Ó tún dáa fún owó orí. Iṣẹ́ tí ọmọ F-1 bá ṣe ní Nàìjíríà, Amẹ́ríkà ò gba nǹkan kan lórí ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì kà á sí àlejò, ìyẹn ọdún 5 àkọ́kọ́ lórí kàlẹ́ńdà. Ti $18,000 yàtọ̀. Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà kò ní àdéhùn owó orí láàárín ara wọn, nítorí náà bí wọ́n bá pè é ní owó ìlò orúkọ, 30% ló ń lọ: $5,400. Tí ìyá Abẹ́òkúta bá ń ra aṣọ, $12,600 ni kó fi rò ó. W-8BEN, ìwé owó orí ti àjèjì, ni kó kọ o! W-9 ni àwọn akọ̀wé sábà máa ń fi ránṣẹ́ torí òun ni ọwọ́ wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sí W-9 ti sọ pé olùgbé Amẹ́ríkà lòun. Bí kò bá ní SSN (nọ́ńbà Social Security), ìwé W-7 ni yóò fi gba ITIN, nọ́ńbà owó orí. 1042-S, ìwé tó ń sọ iye tí wọ́n san àti owó orí tí wọ́n yọ, ni yóò gbà ní oṣù Kẹta, 1040-NR ni yóò fi kéde. Áàpù TurboTax kì í ṣe 1040-NR, kó má wulẹ̀ dán an wò. Owó ilé àti oúnjẹ inú skọ́láṣíìpù náà ní owó orí, 14%.

Ìyá Ìbejì (Maryland): Ṣé oúnjẹ náà ni?! Ẹ̀bà tí wọn ò tiẹ̀ sè fún un?

Mọ́remí (Chicago): Èmi, $18,000 yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Látìgbà tí Adájọ́ Wilken ti fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House, tó jẹ́ kí ilé-ìwé lè sanwó fún eléré, ní 6 oṣù Kẹfà 2025, bíi $20.5 mílíọ̀nù ni òkè owó tí ilé-ìwé kan lè pín fún gbogbo eléré ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló ń kó apá tó pọ̀ jù, bọ́ọ̀lù agbọ̀n ọkùnrin tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń sáré, èérún ni. Kó bi wọ́n pé: ṣé skọ́láṣíìpù wà nínú $18,000 yẹn, àbí owó ọwọ́ ni? Skọ́láṣíìpù tuntun tí ilé-ìwé bá fi kún ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ń yọ ọ́ nínú òkè owó náà, títí dé $2.5 mílíọ̀nù. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń fi ọ̀rọ̀ dárà.

Bàbá Kóòṣì (Houston): Òótọ́ ni. Tẹ́lẹ̀, 12.6 ni skọ́láṣíìpù ọkùnrin tó ń sáré, kóòṣì á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún ọgbọ̀n èèyàn. Ní báyìí kò sí 12.6 mọ́, iye orí ni wọ́n ń kà, 45. Ẹ gbọ́, wọn ò ní kó 45 owó wá. Àyè ni wọ́n fún wọn, wọn ò fún wọn lówó. Ìdí nìyẹn tí kóòṣì fi ń wá ẹni tó ti ń sá 45 àáyá lónìí nínú portal, ibi tí eléré tó fẹ́ kúrò ń kọ orúkọ sí, kò ráyè kọ́ ọmọ ọdún 17 tó ń sá 47 mọ́. Láti 2024 ẹnikẹ́ni tí máàkì ẹ̀ bá dáa lè kó lọ sí ilé-ìwé tuntun lọ́dọọdún kó sì sáré lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ilé ti ń bá ọmọ ọdún 23 dupò.

Mọ́remí (Chicago): Àwọn kan ní ọmọ wa ló tún wá dùn ún mú jù: ó yára, físà kò sì jẹ́ kí wọ́n sanwó fún un. Kí ni ẹ rí sí i?

Bàbá Kóòṣì (Houston): Màá fi ìyẹn sílẹ̀. Ní ti kóòṣì kejì tó ń pè lábẹ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Matthew Sluka, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fi yunifásítì UNLV sílẹ̀ láàárín sáà ní 2024, àwọn tirẹ̀ ní $100,000 ni wọ́n ṣèlérí fún un, ilé-ìwé ní rárá. Kò sí ìwé. Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ wọ portal, ọjọ́ iṣẹ́ 2 ni ilé-ìwé ní láti kọ orúkọ ẹ̀ sí i, látìgbà náà ni wọ́n lè sọ pé skọ́láṣíìpù parí ní òpin sáà. Ọmọ onílé yóò padà sílé ìyá ẹ̀. Ọmọ F-1 ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ ti ní ilé-ìwé tuntun, kí DSO méjèèjì fẹnu kò lórí ọjọ́ tí SEVIS yóò kọjá, kó gba I-20 tuntun, ìwé ilé-ìwé tí físà dúró lé, kó sì bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 5. Kí ẹ tún wo owó ìdáǹdè nínú àdéhùn, iye tó máa dá padà bó bá kúrò kí ọdún tó pé. Yunifásítì Wisconsin gbé ti Miami lọ sí kóòtù ní 2025, ó ní wọ́n fa eléré tó ti bá òun fọwọ́ sí àdéhùn lọ.

Kẹ́mi Ayọ̀ (Calgary): Àbúrò mi wà ní UNILAG, 200 level, ó ń sá 100 mítà ní àáyá 10.3. Ṣé àyè ṣì wà?

Lọ́yà Ọ̀ṣun (Newark): Ọdún 5 ni wọ́n fún eléré Division I láti fi sáré, aago ẹ̀ sì ti ń lọ láti ọjọ́ tó jókòó sí kíláàsì UNILAG. Yunifásítì ni UNILAG, ibi yòówù kó wà láyé. Kó yára.

Ìyá Ìbejì (Maryland): Mo ti kọ̀wé sí DSO. Ẹ̀rọ ló dáhùn pé wọ́n wà ní ìsinmi títí di Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ẹtì wá ńkọ́?

Àbúrò Peckham (London): Ẹ̀yin ń jà lórí $18,000. Àwa níbí ń wá ẹni tó máa san owó ọkọ̀ ojú irin ọmọ lọ sí Loughborough.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Dallas): Ẹ wá sí Texas! Ibi tí eré wà nìyí.

Bàbá Kóòṣì (Houston): Texas tí ìwọ mọ̀ ni Dallas. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, Houston ló dé ní 1980. Ó dé Final Four bọ́ọ̀lù agbọ̀n yunifásítì, ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù, lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Ta ni Dallas ní?

Ìyàwó Olóògùn (El Paso): Ẹ dákẹ́ ẹnu. UTEP, yunifásítì tó wà níbí, ni Adeniken, Okagbare àti Tobi Amusan ti sáré. Amusan tó sá 12.12 àáyá ní 2022, ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fo igi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Dallas): Ìjẹ̀bú-Òde ló ti wá! Ẹ má gbàgbé.

Lọ́yà Ọ̀ṣun (Newark): Adeniken ọmọ Òṣogbo ńkọ́? Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, ẹ fẹ́ gba gbogbo ẹ̀ ni?

Olùṣírò Owó (Atlanta): Atlanta la ti gba góòlù bọ́ọ̀lù ní 1996. Ọ̀rọ̀ parí.

Bàbá Kóòṣì (Houston): Athens ni wọ́n ti gbá àṣekágbá, kì í ṣe Atlanta.

Olùṣírò Owó (Atlanta): Georgia ni, ẹ jọ̀ọ́! Góòlù Chioma Ajunwa ńkọ́, ṣé Athens náà ló ti fò?

Ìyàwó Olóògùn (El Paso): Afẹ́fẹ́ yanrìn tún ti dé síbí lónìí, bí ọyẹ́ ló ṣe rí, kìkì pé kò sí ẹni tó ń yan bọ̀ọ̀lì lẹ́nu ọ̀nà pápá. Mo ń rántí Adamásìngbà lọ́jọ́ eré ilé-ẹ̀kọ́, àkàrà gbígbóná, ọmọ kíláàsì kékeré tó ń sá láìwọ bàtà tó sì ń gba ipò kìíní.

Kẹ́mi Ayọ̀ (Calgary): Ẹ má dá mi lẹ́kún. Yìnyín ló wà lẹ́yìn fèrèsé mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Dallas): Ta ló ń wa ọkọ̀ láti Houston bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀? Mo nílò èlùbọ́, báàgì kan, èyí tó dúdú dáadáa.

Bàbá Kóòṣì (Houston): Dallas tí eré wà kò ní èlùbọ́? Wá gbé e fúnra ẹ, òpópónà Bissonnet kò jìnnà.